Ọkùnrin Tí Kò Lè Ní Kí Àna Rẹ̀ Tún Un Kọ

Ọdún tí wọ́n fi páànù tuntun bo ilé ìpàdé àwọn àgbà ládùúgbò wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi mọ ilé tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní kí n má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, pé ó ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́. Òótọ́ ni, ó ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́. Síbẹ̀, màá kọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń gba orin sílẹ̀ fún àwọn èèyàn. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá ló ní. Yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni, tó fi ẹní àti tìmùtìmù àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo ìta má baà wọlé. Àwọn akọrin ìjọ máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù náà máa ń wá. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá gba ohùn rẹ sílẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ á gbọ́ bí o ṣe ń mí.

Kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe iṣẹ́ náà ti gbó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lọ sí òkè òkun ló fi í sílẹ̀ fún un. Ètò tí gbogbo ayé ń lò wúwo jù fún ẹ̀rọ náà. Bí ó bá tàn án láàárọ̀, á tẹ ẹ̀bà jẹ tán kí ẹ̀rọ náà tó jí. Ló bá yọ ètò náà kúrò, ó fi èyí tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì sí i. Ọ̀fẹ́ ni Línọ́ọ̀sì, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ síwájú ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò dá iná, òun náà ni yóò pọn omi.

Ọkùnrin náà bá a jà fún oṣù púpọ̀. Ó ní àpótí pupa kékeré kan tí okùn máìkì ń wọ̀, kí ohùn lè ti ibẹ̀ kọjá sínú kọ̀ǹpútà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá rí i pé ètò méjì nínú ẹ̀rọ ló ń du àpótí kan ṣoṣo náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí orogún méjì nídìí kànga. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé á gba okùn, kò ní fún èkejì. Ó là wọ́n níjà. Ohùn dé, ṣùgbọ́n ó ń ta pàràpàrà bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná. Ó tún wádìí. Ó rí i pé abọ́ tí ẹ̀rọ fi ń bu ohùn ló kéré jù. Kò tíì dà á tán tí òmíràn fi ń dé. Ó fún un ní abọ́ tó tóbi, ariwo náà sì dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rọ ti di ẹrú òun.

Ohun kan ṣẹ́kù. Nínú ètò tó ń lò, ohùn kì í rìn láti inú àpótí lọ síbi tí wọ́n ń pa á mọ́ sí, àfi bí èèyàn bá fa okùn sí àárín àwọn méjèèjì. Kì í ṣe okùn tí ọwọ́ ń dì mú. Ìlà tíńrín ni, tí a ń fà lójú ẹ̀rọ láti ìhín sí ọ̀hún. Bí ẹ̀rọ bá kú tó tún jí, gbogbo okùn yẹn á ti já, ẹni tó ni ín á sì tún wọn fà. Ọ̀nà wà tí a lè gbà kí ẹ̀rọ máa fà wọ́n fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ọ̀nà náà wà. Ó ń sọ pé òun á ṣe é bí ọwọ́ òun bá dilẹ̀.

Ìbídùn ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Alágídìgbo ni bàbá Ìbídùn. Oko ni bàbá yìí fi bọ́ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n agídìgbo ló fi ń sọ̀rọ̀. Á gbé àpótí pákó náà lé itan, á máa fi ìka ta irin ojú rẹ̀, á sì máa kọrin sí i jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí ògiri. Ó ní àṣà kan tí kò sí nílé ẹlòmíràn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbi ìkómọ. Orin ló máa ń ṣe fún ọmọ náà. Inú orin yẹn ni gbogbo ọjọ́ ìbí ọmọ náà wà: bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ohun tí wọ́n sè nílé, ẹni tó sáré lọ pe agbẹ̀bí, àti ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba bàbá. Ọmọ méje ló bí. Mẹ́ta nínú wọn ti kú, orin wọn kò sì kú. Nígbà tí ìyá Ìbídùn náà lọ, ó ṣe orin tirẹ̀. Ó ṣe ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún tí wọ́n jọ ro oko, bí wọ́n ṣe ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ègbè gbogbo orin náà, nítorí ègbè ni wọ́n fi ń dá a lóhùn láti kékeré. Lílé orin, orí bàbá nìkan ló wà. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí kò mọ̀wé.

Nǹkan kan wá wú sí bàbá lọ́fun. Ohùn rẹ̀ há. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn ní láti gé gògóńgò rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní á yè. Wọ́n ní kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá gbọ́, wọ́n sì gbé e padà sílé. Lẹ́yìn náà ló pe Ìbídùn.

"Ọkọ rẹ ní àpótí tó ń gba ohùn," ó wí. "Kí wọ́n tó gba ilé lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù mi kúrò nínú rẹ̀."

Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, bàbá wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú agídìgbo tí ó fi aṣọ òkè ìyàwó rẹ̀ wé. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yìí tutù. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mo wá pa ọkọ ọmọ mi ni?" Bàbá jókòó. Ó wo àpótí pupa lórí tábìlì, ó wo àwọn wáyà tó yọ nídìí rẹ̀. "Àpótí tìrẹ nìyí?"

"Òun ni, sà."

"Okùn ìdí rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tó ń da ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Tèmi kò ní okùn kankan, kò sì jẹ iná." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Wọ́n dúró kí ikọ́ náà tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, ọkùnrin náà ti fi ohùn ara rẹ̀ dán gbogbo nǹkan wò, gbogbo rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe ń tú aṣọ lára agídìgbo, iná lọ. Kọ̀ǹpútà náà kú fin-ín, nítorí bátìrì inú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọkùnrin náà sáré lọ sẹ́yìn ọgbà, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó sáré padà, ó tan ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Àna rẹ̀ ló jókòó tó ń dúró de òun, kò sì fẹ́ kí àna òun dúró. Ó ṣí ètò rẹ̀, ó tẹ ibi pupa tí a ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, ó gbé ìgbọ́hùn sí etí. Bàbá fi ìka ta irin kan. Ìró náà wọ ọkùnrin náà létí, ó mọ́ kedere bí omi orísun.

Kò rántí pé àpótí pupa náà máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí etí ẹni fúnra rẹ̀, kí ohùn náà tó dé inú kọ̀ǹpútà rárá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kí olórin lè tètè gbọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ń dùn létí rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn okùn inú ẹ̀rọ ti já nígbà tí iná lọ, kò sì fà wọ́n padà.

Lójú ẹ̀rọ, níbi tí ohùn ì bá ti máa yọ sókè yọ sódò bí òkè, ìlà kan tó tẹ́jú ló ń lọ. Ọkùnrin náà kò rí i. Yàrá náà há. Tábìlì wà lápá kan, àga bàbá wà lápá kejì, ẹni tó bá sì kọjú sí ẹ̀rọ á kọ̀yìn sí bàbá. A kì í kọ̀yìn sí àna ẹni nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó kọ̀yìn sí ẹ̀rọ.

Bàbá kọ orin àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tó parí rẹ̀, Ìbídùn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, na ọrùn wọlé, ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìrètí, ẹ ò ní kọ́kọ́ gbọ́ ọ wò?"

"Mo ń gbọ́ ọ." Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kan ìgbọ́hùn tó wà létí rẹ̀. "Kí ni mo wá fi sétí, gèlè?"

"Mo ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ jáde padà ká gbọ́. Àwọn akọrin tó wá lọ́jọ́sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ìlà kan, ẹ sì gbọ́ ọ wò kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

"Ọmọdé ni àwọn yẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé bàbá tó fún mi láya ni kí n wá máa dán wò? Bí kò bá dáa, kí n wá ní kí ni? Kí n ní, 'Bàbá, ẹ tún un kọ'? Ta ló bí mi?"

"Èmi ló bí. Màá sọ fún un."

"Ìbídùn, mo bẹ̀ ọ́."

Ìbídùn fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, ó sì mọ irú ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi Ìbídùn fún un, kò tíì sọ "ẹ ṣe báyìí" fún bàbá náà rí. Bí ọbẹ̀ ilé àna bá ta á lójú, á fi omi ojú lá a mọ́, á sì ní ó dùn. Gbogbo ìdílé ń yìn ín fún un. Òun náà mọ̀ pé wọ́n ń yin òun.

Bàbá ń kọrin lọ. Ó dé orí ọmọ kẹta, èyí tí kò pẹ́ láyé. Orin náà gùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ débi tí ohùn rẹ̀ kò lè gbà mọ́. Ohùn náà ya. Bàbá tiraka dé òpin, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo irin agídìgbo kí ìró rẹ̀ lè dákẹ́.

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé, sà."

"Ohùn mi ya níbi tí mo ti dárúkọ rẹ̀. Ìwọ náà gbọ́ ọ." Ó nu ẹnu. "Bí o bá fẹ́ kí n tún un kọ, màá tún un kọ. Agbára ṣì wà. Èmi náà á fẹ́ kí èyí dáa."

Ọkùnrin náà gbọ́ yíya ohùn náà dáadáa. Ká ní olórin mìíràn ni, á ti gbọ́wọ́ sókè, á yíjú sí ẹ̀rọ, á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin. Bí ó bá sì yíjú sí ẹ̀rọ, á rí ìlà tó tẹ́jú náà. Orin mẹ́ta péré ni bàbá ì bá tún kọ.

"Kò ya, sà," ó wí. "Ó dùn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe wàhálà. Ẹ máa bá a lọ."

Bàbá wò ó díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ó ń bá a lọ.

Ó kọ gbogbo rẹ̀. Ó sinmi, ó mu omi gbígbóná, ó tún kọ. Nígbà tó dé orí orin ìyàwó rẹ̀, Ìbídùn wọlé wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbè é. Ọkùnrin náà pa ojú dé. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tí òun ti gbà sílẹ̀, kò sí èyí tó dára tó báyìí.

Nígbà tí ó tán, bàbá wé agídìgbo padà sínú aṣọ. Ojú rẹ̀ fúyẹ́. "Mo ti kó o fún yín," ó wí. "Kí wọ́n máa wá gé e." Ó jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, ó sì fi ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹran inú abọ́ rẹ̀ kéré ju ti aya rẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí. Ọkàn gbogbo ilé balẹ̀. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà ṣí ẹ̀rọ láti tún àwọn orin náà ṣe, kí wọ́n lè ti wà nílẹ̀ kí bàbá tó dé.

Ó rí ìlà tó tẹ́jú. Ó kọ́kọ́ rò pé ó jìnnà ló fi rí bẹ́ẹ̀, ó fà á súnmọ́. Ó tẹ́jú. Ó gbé ohùn sókè dé òpin. Yàrá tó dákẹ́ pàápàá máa ń ní ariwo tirẹ̀: jẹnẹrétọ̀ lókèèrè, àga tó dún, èémí. Èyí kò ní ọ̀kankan. Ó wá gbogbo ibi tí ẹ̀rọ lè fi nǹkan pa mọ́ sí. Ó fi gbogbo ọgbọ́n tó ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ wá a. Níkẹyìn ó ṣí ojú ibi tí a ti ń fa okùn. Ó rí àpótí ní apá kan, ó rí ibi ìpamọ́ ní apá kejì, kò sì sí nǹkan kan láàárín wọn.

Ó fa okùn náà. Kò gbà á ní àkókò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Ó súnmọ́ máìkì, ó sọ pé, "Bàbá," òkè sì yọ lójú ẹ̀rọ. Ó bo ojú.

Nígbà tó sọ fún Ìbídùn, obìnrin náà kò pariwo. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Gbogbo rẹ̀?" Ó ní, "Gbogbo rẹ̀." Ìbídùn ní, "Ó bi yín. Ó ní ṣé kí òun tún un kọ." Lẹ́yìn náà ó lọ sí ẹ̀yìn, ó ń fọ aṣọ tó ti mọ́.

Bàbá padà dé pẹ̀lú ihò tí wọ́n ṣí sí i lọ́rùn kí ó lè máa mí, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ó rù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá. Kò pẹ́ tó jókòó tó fi nawọ́ sí ọkùnrin náà. Ó tọ́ka sí etí ara rẹ̀. Ó tọ́ka sí ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbé e dìde.

"Bàbá, kò wọlé. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Mo parọ́ fún yín."

Bàbá la ẹnu, bí ẹni tó ti gbàgbé. Afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde, láti abẹ́ aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n gbé agídìgbo fún òun, ó gbé e lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin ọmọ kẹta. Nígbà tó dé ibi ègbè, Ìbídùn gbè é. Nígbà tó dé ibi lílé, ìka rẹ̀ ń ta á lọ, wọ́n gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó wà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú yàrá náà àfi ẹni tí kò lè sọ ọ́. Ìbídùn ń wo ẹnu bàbá rẹ̀. Bàbá ń mi ètè. Ó dé ibi ègbè lẹ́ẹ̀kejì, Ìbídùn kò lè gbè é mọ́.

Ìwọ tí mo ń sọ èyí fún, o mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ ń fi ààlà ilẹ̀ hàn ọ́, o mi orí. Nígbà tí ìyá rẹ ń sọ orúkọ àwọn tó tọ́ ọ dàgbà, o ní ó ti yé ọ. Ó dùn létí rẹ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, o sì rò pé ohun tó dùn létí ti dé inú. Kò dé inú. O kò béèrè, nítorí o ní ìwọ kì í da ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ojú ló ń tì ọ́, o sì fi aṣọ ọ̀wọ̀ bò ó, nítorí aráyé ń yìn ọ́ fún aṣọ náà. Padà lọ. Dọ̀bálẹ̀ bí o ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀. Wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà, kí o sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi. Ẹ tún un sọ." Kí wọ́n tún un sọ, kí ìwọ náà sọ ọ́ padà fún wọn, kí wọ́n gbọ́ ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ. Inú wọn kò ní bàjẹ́. Bàbá yẹn fẹ́ tún un kọ. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè.

Orin mẹ́tàlá ló lọ. Méje jẹ́ ti ọmọ, ọ̀kan jẹ́ ti ìyàwó, márùn-ún jẹ́ ti ọ̀rẹ́. Ohùn kan ló lọ pẹ̀lú wọn.